Bàbá Tí Wọn Kò Fún Ní Ọ̀rọ̀

Òórùn kọfí àti ti ẹ̀wù òtútù tí òjò rin ló kún ilé sinimá kékeré yẹn ní Hamburg. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, Spandau ní Berlin ni mò ń gbé, mo sì rò pé kò sí ìwé tí n kò mọ̀. Wọ́n fẹ́ fi fíìmù kan hàn tí wọ́n ṣe kí fíìmù tó ní ohùn, láti inú ìwé àtijọ́ kan tí mo fẹ́ràn láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Bó bá ń lọ, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa jáde ní kíkọ lára ògiri. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kà á sókè ní Yorùbá fún àwọn ará wa.

Nínú ìwé náà, ìránṣẹ́ àgbàlagbà kan wà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó kojú ọ̀gá rẹ̀, tó sì sọ̀rọ̀ títí ojú fi ti ọ̀gá. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe pe Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, wá láti Wilhelmsburg, ní Hamburg níbẹ̀. Mo ti fọ́nnu fún un gan-an. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí n ó kà ránṣẹ́, n kò rí ti bàbá náà níbẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo ní ìyókù ń bọ̀ lọ́nà.

Ìyókù kò dé. Òyìnbó tó fi èédú kun ojú ni wọ́n fi ṣe bàbá náà, ó ń yí ojú, ó ń jí ẹran inú ìkòkò. Aṣọ́nà inú fíìmù náà pàápàá rí ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá kojú ọ̀gá, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ògiri kò sọ nǹkan kan.

Àǹtí mi béèrè láti inú òkùnkùn pé, "Kí ni bàbá yẹn ń sọ? Ṣebí o ní òun ló ni fíìmù yìí?"

Ọ̀gá sinimá rọra sọ fún mi pé ìwé ńlá ṣòro láti kó sínú fíìmù kúkúrú, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dínkù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá náà bí mo ṣe há a sórí. Ṣùgbọ́n fíìmù kò dúró dè mí. Ibi tó ti dùn jù lẹ́nu mi ni ọkùnrin eléèédú yẹn ti ń lá ọbẹ̀ ní ìka. Àwọn ará wa bú sẹ́rìn-ín. Ìríra ọ̀rọ̀ ara mi mú mi.

Nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn, Àǹtí ní, "Speech yẹn dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu olè ẹran yẹn lo fi sọ ọ́."

Àwọn kan tún ti pè mí láti wá sọ̀rọ̀ sórí irú fíìmù bẹ́ẹ̀, mo kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bàbá náà, mo máa ń ka ojú ewé yẹn fún un látinú ìwé, n kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pa iná.