Bàálù Ti Balẹ̀, Baba Ọ̀nà-Jìn Ò Sọ̀kalẹ̀

Gbogbo èrò ti sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù tán, ó ku Baba Ọ̀nà-Jìn, tó ti di olóògbé báyìí. Ó so bẹ́líìtì mọ́ra pinpin, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ní òun ò ní í sọ̀kalẹ̀ sí ìlú onílùú.

“Baba, a ti dé,” ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò wí.

“A dé ibo? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà yìí. Bí mo bá gbéra ní ìdájí, oòrùn á wọ̀ kí n tó débẹ̀. Ẹ wá gbé mi fún wákàtí kan péré, ẹ ní mo ti dé. Ẹ lọ sọ fún dírẹ́bà yín pé ó ti ṣìnà!”

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ò mọ ibi tí ì bá fi ojú sí. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tí wọ́n jọ wọ bàálù, dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ ohun gbogbo.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí.”

“Ṣé èmi ni mo ṣìnà ni?”

Awakọ̀ bàálù fúnra rẹ̀ ló jáde wá bẹ̀ ẹ́. Baba wò ó látòkè délẹ̀. “Ṣé o níyàwó nílé?”

“Mo ní, sà.”

“Rọra máa sáré.” Ó wá tú bẹ́líìtì.

Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá jọ ń lọ ní títì, ọmọ náà á fà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Tí wọ́n bá bi í níbi iṣẹ́ pé kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, á ní, “Ètò ìrìnnà.”

Nígbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ́kọ́ wá kí wọn nílé, ọ̀dọ́kùnrin náà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ fa ojú bàbá ìyàwó mọ́ra. Ó ní òun máa ń lọ sí ìlú yẹn lóṣooṣù, bàálù lòun ń wọ̀. Baba gbé ife kalẹ̀.

“O ò tíì lọ rí,” ó ní. “Wọ́n kàn ń jù ọ́ síbẹ̀ ni.”

Ọmọbìnrin sá wọ kíṣìnnì, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bojú. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ṣáà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí àìsàn dé, dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní ìlú yẹn gan-an. Baba ní òun ò ní í wọ bàálù. Ọmọ bá gbé e sínú mọ́tò tirẹ̀, ó ń wà á lọ. Ìrìnàjò tí baba rìn kẹ́yìn nìyẹn.

Ní ìgẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, baba nàka síta.

“Ibí yìí ni oorun ti máa ń kì mí mọ́lẹ̀, tí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn mi. Orúkọ rẹ ni mo máa ń pariwo pè títí ojú mi á fi là. Àwọn dírẹ́bà tó bá pàdé mi á ní orí mi ti dàrú.”

Ojú ti ọmọ náà ju ti inú bàálù lọ. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìtàn ọ̀nà yìí, kò bi í léèrè rí pé kí ló ń gbé e dé. Ó dín eré kù, ó tún dín in kù.

Baba bojú wo ẹ̀gbẹ́. “Ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò? Oníkẹ̀kẹ́ ti kọjá wa!”

“Ẹ jẹ́ ó máa lọ, bàbá mi,” ó ní. “Kí lẹ tún máa ń rí lókè yẹn nígbà náà?”