Ààrò gàrí mi tí wọ́n wó

Kí n tó kí yín, àwọn ará yunifásítì kan jẹ mí ní ààrò gàrí.
Wọ́n wó tèmi, wọ́n ní àwọn á mọ èyí tí kì í jẹ igi púpọ̀, kí igbó má baà tán. Ìdajì ni wọ́n mọ.
Lónìí mo rí akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan ní Takie.
"Ọmọ mi, ìgbà wo lẹ máa parí ààrò mi?"
"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti fún wa ní máàkì, a ti ṣe tán."
Ẹ ti ṣe tán kẹ̀? Ẹ̀gẹ́ àpò mẹ́rin tí mo lọ̀ wà lábẹ́ òkúta, ó ti ń kan jù.
Ta ló mọ olùkọ́ wọn nínú yín? Ẹ bá mi sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí èsì.