Bàbá Tó Ti Ṣe Olórí Ìjọba, ní Arcella

Nígbà tí wọ́n pè mí pé bàbá àgbàlagbà kan ń wá ẹni tí yóò máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, n kò béèrè irú ẹni tó jẹ́. Iṣẹ́ ni mo ń wá. Ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mestre ti dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa wọ ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́. Àdírẹ́sì tí wọ́n fún mi wà ní Arcella níbí, ní Padova, ìlú àwọn Italian tí à ń gbé, kò jìnnà sí ibi tí tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, ti ń dúró. Mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún mi ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì. Ó ní ọmọ Nepal ni àwọn, pé bàbá òun wá kí òun, ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ó ní láti tún ìrìn kọ́.

"Ó máa ń bínú," ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. "Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín."

Bàbá náà jókòó sẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú fìlà aláràbarà lórí, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ.

"Níbo lo ti wá?"

"Nàìjíríà, sà."

"Àwọn sójà ti ṣèjọba lé yín lórí rí."

"Lọ́pọ̀ ìgbà, sà."

"Tiwa, ọba ni," ló wí, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n fa òun dìde.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní bahini, ìyẹn àbúrò obìnrin lédè wọn. Èmi ń pè é ní Bàbá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà la ti ń rìn, láti ẹnu ilé ìdáná dé ẹnu yàrá, lọ bọ̀, lọ bọ̀, èmi lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìrora ẹsẹ̀ má baà gba gbogbo ọkàn rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní abúlé orí òkè ni wọ́n ti bí òun, pé bàbá òun ń gbin àgbàdo sí ara òkè tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn. Ilé ẹ̀kọ́ jìnnà. Wọ́n ní láti la odò kọjá, odò náà a sì máa gbé ọmọdé lọ nígbà òjò. Ó kàwé náà, ó di tíṣà. Ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú lásìkò tí òfin ọba kò gba ẹgbẹ́ kankan láyè, wọ́n sì wá mú un nínú kíláàsì, níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́.

"Wọ́n jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọjọ́ náà," ló sọ fún mi. "Àwọn ọlọ́pàá jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń gbọ́. Ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà tilẹ̀ nawọ́ sókè."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mí, ó tún gbẹ́sẹ̀.

Ó pẹ́ lẹ́wọ̀n. Ẹ̀yìn ìgbà tó wọ ẹ̀wọ̀n ni wọ́n bí ọmọbìnrin rẹ̀ yìí. Nígbà tó jáde, ọmọ ti ń sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sá wọ abẹ́ ibùsùn, ó ní kí ìyá òun lé ọkùnrin yẹn lọ. Nígbà tí Bàbá sọ ìtàn náà débẹ̀, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí a jókòó díẹ̀. Ó ní rárá.

Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé olóṣèlú abúlé lásán ni. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jáde síta ni mo tó mọ̀. Mo mú un gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá ará Èkìtì kan tí mo ti máa ń ra gàrí. Ọmọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà bẹ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ sójú ọ̀nà, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó sì tẹrí ba fún Bàbá. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lédè wọn. Bí ọmọ náà ṣe fẹ́ máa lọ, ó kọjú sí mi.

"Signora," ló wí, "ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ dì mú yẹn? Olórí ìjọba wa nígbà kan rí ni o."

Mo délé, mo sọ ọ́. Ọmọ mi obìnrin wá a lórí fóònù rẹ̀. "Mamma, è vero!" ló pariwo, pé òótọ́ ni. "Primo ministro!" Àwòrán Bàbá nìyẹn lóòótọ́, irun rẹ̀ ṣì dúdú, òdòdó tí wọ́n kọ́ sí i lọ́rùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí rẹ̀. Ọkọ mi gba fóònù, ó wò ó pẹ́.

"Olórí ìjọba, kó wá máa gbé ní Arcella?" ló wí. "Á jẹ́ pé ó ti ná gbogbo rẹ̀ tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá tó bí mi, ní Ìdànrè. Bí olóṣèlú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n á pa rédíò náà, wọ́n á ní ká jẹ́ kí etí sinmi. Inú ilé yẹn ni mo ti dàgbà. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún Bàbá, ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ jalè?"

Ó wò mí. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó ń di ìbàdí rẹ̀ mú.

"Bí mo bá jalè, ṣé inú yàrá ọmọ-ọmọ mi ni ǹ bá máa sùn, kí àwòrán dáínósọ̀ máa wò mí láti ara ògiri?"

Nígbà tó yá, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "N kò jalè, bahini. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń jalè, mo sì bá wọn jókòó, torí pé bí wọ́n bá dìde lọ, ìjọba mi á wó. Wọ́n sì padà dìde lọ náà ni. Kò tó ọdún kan tí mo débẹ̀."

Ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi.

Àárọ̀ wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí jù. Òun ló máa ń se tíì, á fi ata ilẹ̀ àti wàrà sí i, á ní tèmi kò nítumọ̀. Èmi á dín dòdò fún un, á jẹ ẹ́ tán, á ní dókítà ò gbọdọ̀ gbọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le tán, tí kò nílò mi mọ́ láti rìn, kò sẹ́ni tó sọ pé kí n má wá mọ́.

Nígbà òtútù, àwọn ọmọ Nepal tó wà ní Torino ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá àwọn ṣe ọdún. Ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo bá a lọ. Ó sùn nínú ọkọ̀ ojú irin láti Verona títí a fi kọjá Milano. Nígbà tí a jáde ní Porta Nuova, ibùdókọ̀ ojú irin Torino, atẹ́gùn ti gbá gbogbo kùrukùru lọ, ojú ọ̀run mọ́ bí awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A yà sí títì gbọọrọ kan, Bàbá sì dúró. Òkè ńlá wà ní òpin títì náà, lẹ́yìn àwọn ilé, yìnyín bò ó, ó funfun báláú.

"Tiwa ga ju èyí lọ," ló wí, bí ìgbà tí ọlọ́jà ń wo ọjà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ó jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de tram, àwọn tram dé, wọ́n lọ, òun ń wo òkè.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ló wí, "mo rò pé gbogbo ènìyàn ló ní òkè yìnyín lẹ́yìn ilé wọn."

Mo ní èmi náà rò pé gbogbo ènìyàn ló ní àpáta lẹ́yìn ilé, àfi ìgbà tí mo dé Èkó.

"Kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń wá ohun tí àwọn ilé náà fẹ̀yìn tì, Bàbá. N kò rí i."

Ó fọwọ́ gbá mi lọ́wọ́ pẹ́pẹ́.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan ni wọ́n yá. Wọ́n kọ́ òdòdó sí i lọ́rùn, wọ́n jẹ, wọ́n jó. Ó sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi sí èdè Italian.

"Ẹ̀yin ṣèjọba," ni ọmọbìnrin náà wí, "àwa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò nílẹ̀ onílẹ̀. Kí lẹ wá fi ìjọba yẹn ṣe?"

Àwọn àgbà pariwo lé e pé kó jókòó. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ló bi." Ó kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Nígbà tí mo wà lẹ́wọ̀n, mo rò pé bí a bá ti lè dìbò, gbogbo nǹkan yòókù á tẹ̀lé e. Nígbà tí a débẹ̀, a fi ọjọ́ wa du àga. Mo la ọ̀nà dé agbègbè wa. Mo ṣe é lóòótọ́. Ọ̀nà yẹn náà lẹ sì gbà jáde."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà gbé tíì wá fún un, ó jókòó tì í, wọ́n forí korí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí mo fi ní ọkọ̀ máa fi wá sílẹ̀.

A ti kúrò ní Torino kó tó lanu. "Mò ń padà sílé, bahini. Ìbò ń bọ̀."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"

"Ẹnu la fi ń polongo."

Ọmọ rẹ̀ bínú. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lédè wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wá bá mi ní ilé ìdáná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Láti kékeré mi ni òṣèlú ti ń gbà á lọ́wọ́ mi," ló wí. "Mo rò pé mo ti rí i gbà padà ni."  Mo dì í mọ́ra.

Bàbá lọ nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀. A sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú ní Venice. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Nígbà tó kọjá ibi tí a kò lè kọjá, ó bojú wẹ̀yìn, ó pariwo láàárín èrò, "Bahini, wo ẹsẹ̀ mi!"

Ó fìdí rẹmi nínú ìbò náà. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. "Ọmọdé kan ló nà mí. Mo ti kọ́ bàbá rẹ̀ ní ìṣirò rí!"

"Kò dùn yín ni, Bàbá?"

"Ó dùn mí. Mo sùn, mo jí, ó ṣì dùn mí. Wọ́n wá sọ fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa kò ní tíṣà ìṣirò."

Bó ṣe padà sí kíláàsì nìyẹn. Bó bá pè mí, mo máa ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Á máa ròyìn ọmọbìnrin kan tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Ó kú nígbà òjò tó kọjá yìí, lójú oorun. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún mi, mo se ìrẹsì, mo dín dòdò, mo gbé e lọ. A jókòó sí ilé ìdáná. Mo ní kó sọ nǹkan kan fún mi tí bàbá rẹ̀ kò sọ fún mi rí. 

Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n búra fún un, bàbá òun jí ní kùtùkùtù, ó wọ sálúbàtà, ó gbé korobá, ó lọ ra wàrà lọ́dọ̀ ẹni tó ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tó padà dé, sójà tó wà lẹ́nu géètì kò jẹ́ kó wọlé. Bàbá ní òun ni olórí ìjọba. Sójà ní, "Èmi gan-an ni ọba." Bàbá bá jókòó sílẹ̀ lójú títì pẹ̀lú wàrà rẹ̀, títí ìyàwó rẹ̀ fi jáde wá a. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún sójà pé olórí ìjọba ni. Ohun tó sọ ni pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí wàrà òun wọlé, ẹni tó gbé e lè dúró síta.

A rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ rẹ̀ kékeré sáré jáde láti yàrá, ó ń bi wá léraléra pé kí ló pa wá lẹ́rìn-ín, "Che c'è da ridere?"