Lẹ́tà Ńlá fún Ojú Ìyá Mi

Inú máa ń bí mi kíákíá, mi ò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkìrun tí mo rí i pé àbúrò mi ọkùnrin ti nu gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n lò kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí mo fi ń jẹun, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ohùn mi. Àwọn ọdún náíntì ti ń lọ sópin nígbà náà. Ìwé títẹ̀ niṣẹ́ mi: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìn, ìbéèrè ìdánwò fún àwọn tíṣà. Yunifásítì ni àbúrò mi wà, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ló lé e wálé. Kòkòrò kọ̀ǹpútà ti ń jẹ iṣẹ́ mi run láti bí oṣù mélòó kan, ó wá ní òun ti fi Linux, ètò mìíràn tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Kòkòrò kì í dé ibí yìí.”

Kí n má parọ́, nǹkan ọ̀hún ṣiṣẹ́. Fáìlì mi kankan ò tún bà jẹ́. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni fọ́ǹtì, ìyẹn àwọn ojú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Èyí tó bá a wá dára ní kékeré. Tí èèyàn bá ti fẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ á rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Mo kàn ń yẹra fún un ni, mi ò gba iṣẹ́ tó bá fẹ́ lẹ́tà gàdàgbà, títí ìyá mi fi gbé tiwọn dé.

Inísà ni ìyá mi ń gbé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì ń ka ẹ̀kọ́ kìíní níbi ìsìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ti ní kò sí awò tó tún lágbára ju èyí tí wọ́n ń lò lọ. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n fo ìlà kan, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tún fo òmíràn, àwọn kan láàárín akọrin sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìkórè tún kù díẹ̀, alàgbà kan wá kí wọn nílé, ó sì rọra dábàá pé kí ọ̀dọ́ kan bá wọn kà á. Ìyá mi fún un ní omi mu, wọ́n sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ìkórè ku ọ̀túnla, wọ́n wọ ọkọ̀ wá bá mi.

“Tẹ̀ ẹ́ kó tóbi fún mi,” ni wọ́n wí. “Tí mi ò bá lè kà á lọ́dún yìí, mo ti kà á tán láyé nìyẹn. Mi ò ní dúró kí wọ́n tún fi mí ṣe ẹlẹ́yà.”

Mo kọ́kọ́ fi máákà kọ ọ́ gàgàrà. Wọ́n wò ó, wọ́n yọ ṣùtì. “Ọwọ́ ta lo ti kọ́ èyí? Kì í ṣe ọwọ́ mi.” Mo wá fẹ lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, mo tẹ ojú ìwé kan jáde. Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọ́n gbé e jìnnà. “Kí ni àwọn kòkòrò tó ń rìn yìí?” Etí ṣákaṣàka yẹn ló ń wọnú ara wọn lójú wọn. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n jókòó, wọ́n sì bọ́ awò wọn sínú báàgì. Ó dùn mí gan-an.

Mo yíjú sí àbúrò mi. “Ìwọ lo kó wa sí i.”

Ó ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní fọ́ǹtì mìíràn wà tó jẹ́ pé bó ti wù kéèyàn fẹ̀ ẹ́ tó, etí rẹ̀ á máa dán ni, àti pé ọ̀rẹ́ òun kan tó wà nílé ní Òkukù ní in. Ó gun ọ̀kadà lọ. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì kan tó fi áńkáṣíìfù wé nítorí eruku. Ìyá mi ti ra ẹ̀pà sísè nígbà náà, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ó da fọ́ǹtì náà sínú ẹ̀rọ. A wò ó níbi tí a ti ń tẹ̀wé, a ò rí i. Ó ní bí àlejò bá wọ agboolé tí kò kí baálé, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ó kọ orúkọ fọ́ǹtì náà sínú fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń mọ àwọn ará ilé. A ò rí i síbẹ̀. Ó ní bóyá ẹ̀rọ ò láṣẹ láti ṣí i, ó fún un láṣẹ. Pàbó. Mo gbàdúrà. Mo bú u. Mo tún gbàdúrà.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa nígbà náà lè má mọ̀ pé a kì í pa kọ̀ǹpútà tí iná bá wà. Iná lè lọ lónìí kó má dé títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ni yóò wá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó ń ṣiṣẹ́? Mo ti lẹ òfin yẹn mọ́ ògiri, àbúrò mi ò sì tó ẹni tí yóò rú u lójú mi.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo bú àwọn oníná débi pé ìyá mi ní kí n rántí pé onígbàgbọ́ ni mí. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ wọn, wọ́n gbé báàgì.

“Ó tó, ọmọ mi. Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Wọ́n ti dé títì, wọ́n ń wo ọ̀nà ọkọ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò pariwo pé iná ti dé. Àbúrò mi tan ẹ̀rọ. Ó pẹ́ kó tó jí, ó ń ka ara rẹ̀ wò bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó jí tán, fọ́ǹtì náà ló jókòó sáàárín àwọn yòókù yẹn. Àbúrò mi fọwọ́ gbá iwájú orí.

“Ìgbà tó bá ń jí nìkan ló máa ń ka àwọn ará ilé! A ò sì jẹ́ kó sùn látàárọ̀. Àǹtí, òfin yín ni o!”

Mo ní kó pa ẹnu dé, kó sáré lọ pe Màámi kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Lẹ́tà náà jáde dúdú, ó mọ́, ó dán létí. Fọ́ǹtì òkèèrè ni, kò ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà tiwa, bí gbogbo àwa atẹ̀wé sì ti ń ṣe nígbà náà, ọwọ́ ni mo fi ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bírò kéré jù fún lẹ́tà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, máákà ni mo lò. Ìyá mi dúró lẹ́yìn mi títí mo fi ṣe é tán. Inú mi dùn ju bí mo ti lè sọ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi ṣọ́ọ̀ṣì tèmi sílẹ̀, mo lọ sí Inísà. Wọ́n pe ẹ̀kọ́ kìíní. Ìyá mi rìn lọ síwájú, wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí àtẹ, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n sì dákẹ́. Mo rí àwọn akọrin kan tí wọ́n ń wo ojú ara wọn. Mo ń rò ó pé bóyá àmì tí mo fi sí i ló dà á rú. Alàgbà tó wá kí wọn nílé dìde, ó rọra ń bọ̀ láti gba ìwé lọ́wọ́ wọn.

Ìyá mi na ọwọ́ sí i.

“Ẹ padà jókòó, alàgbà,” ni wọ́n wí, gbogbo ìjọ ló sì gbọ́. “Mo rí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tó mọ́ báyìí, mo kọ́kọ́ ń wò ó ná ni.”

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.