Fìlà Tó Wà Lórí Súìṣì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́dún 1993. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba OND nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ọ̀wọ̀ nígbà náà. Mo lè dijú ya àwòrán mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ fún yín! Àmọ́ tàpólì ni wọ́n fi bo ẹ̀rọ wọ́kìṣọ́ọ̀bù wa níléèwé, orí pátákó ni wọ́n ti ń yà á hàn wá. Síbẹ̀, sọ́mìlì kan, ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ní Ùtè gbà mí síṣẹ́. Ta ló tún ga jù mí lọ?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, iná lọ, gbogbo wa sì jáde lọ jẹun. Nígbà tí iná dé, Bàbá Olú, fọ́máànù wa, ní kí n lọ tan ayùn ńlá.

Mo wọlé. N kò rí ẹnì kankan, ibẹ̀ sì dákẹ́ jù. Fìlà abetí ajá kan wà lórí súìṣì, ó ti gbó. Mo ní irú ìwà ọ̀bùn wo rèé, mo sì mú un kúrò. Ẹ gbọ́ o, fìlà náà gbóná, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i lórí ni. Nínú ọyẹ́! Ẹ̀rù bà mí, n kò lè tẹ súìṣì.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan wúkọ́ lábẹ́ ayùn.

Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀, mẹkáníìkì wa, ni. Ó ti padà wọlé ṣáájú wa, ó ń yọ igi tó há síbẹ̀. Nígbà tó yọrí jáde, fìlà tirẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Bàbá Olú ti wọlé. Ó bi mí bóyá wọn ò kọ́ mi níléèwé pé ẹni tó bá wọ abẹ́ ẹ̀rọ a fi fìlà rẹ̀ kọ́ súìṣì, òun nìkan ló sì gbọdọ̀ mú un kúrò. Mo ní wọn ò kọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀ ní kí wọ́n má bínú, òun ló gbàgbé láti fi tòun kọ́.

Bàbá Olú wá gba fìlà ọwọ́ mi. Ó yí i padà, ó rí ibi tí wọ́n fi òwú pupa rán.

"Èmi ni mo rán ibí yìí fún ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Abẹ́ ayùn yìí ló kú sí, ẹnì kan ló tan án láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. A sin fìlà yìí mọ́ ọn ni."

Ó fi í kọ́ padà. Kò sẹ́ni tó tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ò rí fìlà mọ́.

Iléèwé kọ́ mi ní bí mọ́tò ṣe ń yí, mi ò sì kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n òkú ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló kọ́ yín ní èyí tí iléèwé ò kọ́ yín? Ẹ sọ fún mi.