Ohùn Obìnrin Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Mákun, ní Ṣàgámù, kò sí ohun tí àwa ọmọbìnrin fẹ́ràn tó orin ìfẹ́ òyìnbó. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Ní ọ̀sán Sátidé, rédíò a máa gbé orin mẹ́wàá tó gbayì jù lọ́sẹ̀ náà jáde, láti orí ìkẹwàá títí dé orí èkíní. Àwa náà á gbé ìwé àti bírò yí rédíò ká bí ẹni tó ń ṣèdánwò. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá gbọ́ nínú orin náà, a ó fi imú kùn ún.

Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn orin náà di tirẹ̀ yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, yóò sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ká orin sínú kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí kíákíá nínú iṣẹ́ yẹn. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ti wákàtí kan àtààbọ̀, wákàtí kan àtààbọ̀ náà lo máa fi jókòó tì í, nítorí orin gbọ́dọ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó tó wọ inú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tí ọkàn mi fà sí. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo lọ ká kásẹ́ẹ̀tì fún un ni yóò gbéra lọ sílé-ìwé ní Òkè Ọya. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, mo sì gbà pé àwọn olórin wọ̀nyẹn á bá mi sọ ọ́.

Ọjọ́ Orò ni ọjọ́ yẹn bọ́ sí. Wọ́n ti kéde pé láti agogo kan ọ̀sán, obìnrin kankan kò gbọdọ̀ yọjú síta títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi, tó ń ta obì, ti ra ata àti epo sílé. Ó ní, "Kí agogo méjìlá tó lù ni kí n rí ẹ nínú ilé yìí." Mo ní mo ti gbọ́. Agogo mẹ́wàá ni mo dé ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa.

A ká apá kìíní tán, iná lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní, "Àbúrò, máa lọ sílé. Orò kò mọ orin òyìnbó o."

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀. Iná á dé láìpẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé ìwọ lo gbé e lọ ni?"

Nígbà tí iná fi máa dé, agogo méjìlá ti kọjá. Ó tún ní kí n máa lọ, mo bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò gbàgbé ìkéde náà. Èrò mi ni pé ohun tí wọ́n bá pè ní agogo kan ní ìlú wa, agogo méjì ni. Ìpàdé ń pẹ́, ìgbéyàwó ń pẹ́, kódà ìsìnkú ń pẹ́. Orò kì í pẹ́.

Orin kan ló kù tí mo gbọ́ ohùn Orò láti ọ̀nà ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa ilẹ̀kùn pa, ó tì mí sẹ́yìn àpótí sípíkà ńlá kan, ó ní n kò gbọdọ̀ mí. Àmọ́ kò rántí pa ẹ̀rọ. Sípíkà kan sì wà lójúde tó ń gbé orin náà síta. Obìnrin ló ń kọ ọ́.

Ẹsẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ní, "Obìnrin wo nìyẹn?"

"Kásẹ́ẹ̀tì ni, bàbá."

"Ṣílẹ̀kùn, ká kí ìyàwó kásẹ́ẹ̀tì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ti ìborùn mi bọ ẹnu nítorí eyín mi ń lu ara wọn. Mo rò ó pé bí wọ́n bá rí mi, ìyá mi kò ní rí mi mọ́ láyé. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá àgbàlagbà kan nìkan ló wọlé, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ilẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Kí ẹ mọ̀ pé oníbàárà ìyá mi ni. Ó mọ̀ mí.

Ó yíjú sí ìta, ó ní, "Òyìnbó ni, inú ẹ̀rọ ló wà." Lẹ́yìn náà ló rọra wí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, "Pa ẹ̀rọ yìí. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀rọ, kó dúró sínú ẹ̀rọ títí di ìrọ̀lẹ́." Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo purọ́ fún ìyá mi pé ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo há sí. Ó gbá mi létí, ó sì sunkún. N kò padà lọ gba kásẹ́ẹ̀tì náà, ọmọkùnrin Ìkẹ́nnẹ́ sì lọ láìgbọ́ nǹkan kan. Bàbá yẹn ń bọ̀ wá ra obì bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́," á sì máa yan obì rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Èmi náà kò sọ ọ́ títí di òní, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó láwọn ọmọ nílùú.

Lóde òní, orí fóònù ni mo ti ń rí ìkéde Orò, orí fóònù kan náà lẹ ti ń gbọ́ orin tó bá wù yín láìjókòó ti ẹnikẹ́ni. Ó dára. Àmọ́ nígbà míì mo máa ń wò ó pé, bó bá jẹ́ òní ni, bàbá yẹn kò ní dá wọlé. Ọ̀dọ́ mẹ́ta á tẹ̀ lé e pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, àwòrán mi á sì ti dé ìlú Ìpara kó tó ronú ohun tó máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí wọ́n bá ti kéde, ẹ wọlé. Ẹni tó lè rí yín kó sì yíjú kúrò ti wọ́n gan-an.