Ọ̀rọ̀ Tí Awakọ̀ Kan Mú Láti Ilé Sinimá Lọ sí Kóòtù

Òórùn epo díísù ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ilé sinimá tó wà lẹ́yìn gáréèjì Òrè. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ń ké lẹ́yìn ògiri, èéfín rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba nígbà náà, ọjà wọ́n, ṣúgà di ohun tí èèyàn ń fi aṣọ bò gbé lọ sílé. Tíṣà ni mí ní Odigbo, oṣù á parí, owó oṣù ò ní dé. Ohun tó gbé mi dé ilé sinimá nìyẹn. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní kí n máa wá ní ìrọ̀lẹ́, kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, kí n máa fi Yorùbá sọ ohun tí àwọn òyìnbó inú fíìmù ń sọ fún èrò.

Mo rò pé iṣẹ́ ńlá ni. Táì ni mo máa ń dè lọ, nínú gbogbo ooru yẹn. Kí n má parọ́, ìdajì ohun tí àwọn òyìnbó yẹn ń sọ ni mò ń gbọ́, nítorí imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Níbi tí mi ò bá ti gbọ́, mà á wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, mà á fi ohun tó yẹ kó sọ sí i lẹ́nu. Èrò ò bínú sí mi. Àwọn awakọ̀, àwọn alájàpá, àwọn àgbẹ̀ tó wá ta kòkó láti Omifunfun, "Tíṣà Sinimá" ni gbogbo wọn ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè mí lọ.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ inú fíìmù fi di ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú. Nínú fíìmù ogun kan, jagunjagun tí ọta ìbọn bà sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Sọ fún ìyá mi pé kò dùn mí." Láìpẹ́, bí táyà bá bẹ́ mọ́ awakọ̀ lójú ọ̀nà, á bọ́ sílẹ̀, á dojú kọ ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, á ní kó sọ fún ìyá òun pé kò dun òun. Lọ́yà inú fíìmù mìíràn máa ń fò dìde pé, "Mo ta kò ó, Olúwa mi!" Àwọn obìnrin tó ń ta epo pupa gba ìyẹn lọ sí ọjà. Bí oníbàárà bá ná ọjà wọn ní ìnákúnàá, wọ́n á ní, "Mo ta kò ó, Olúwa mi," gbogbo ìsọ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n fíìmù kan borí gbogbo wọn. Fíìmù tuntun ò wọlé mọ́, nítorí náà ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé sinimá là ń wò ní àwòtúnwò. Èyí tí mò ń sọ yìí, fíìmù ẹjọ́ ni, àtijọ́ ni, dúdú àti funfun. Ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò sọdá odò ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́lá kan rì sómi. Ẹjọ́ ti dé òpin, adájọ́ ń ka ìwé tó wà níwájú rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kọ̀ náà dìde, ó di igi tó wà níwájú rẹ̀ mú, ó sì wí pé, bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ ní Yorùbá, "Bí ẹ bá máa dá mi lẹ́bi, ẹ wo ojú mi."

Kí adájọ́ tó gbé orí sókè, gbogbo ilé sinimá á ti dìde. Wọ́n á fi ẹnu kan pariwo mọ́ adájọ́ inú àwòrán pé, "Ẹ wo ojú rẹ̀!" bíi pé bí àwọn ò bá sọ ọ́, kò ní wò ó. Adájọ́ á bọ́ awò ojú rẹ̀, á wò ó, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹlẹ́rìí kan tí ẹnikẹ́ni ò retí á wọlé, wọ́n á sì tú ọlọ́kọ̀ sílẹ̀. Kò sí ìgbà tí a wò ó tí ẹnì kan ò sunkún. Bí àwọn àgbà bá ń jáde, wọ́n á ní, ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù níbẹ̀ ni awakọ̀ akẹ́rù kan, Mùsùlùmí, ará Ìwó tó ti pẹ́ ní Òrè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà ní gáréèjì, bí kò bá sí nídìí ọkọ̀, á wà ní mọ́ṣáláṣí, bí kò bá sí ní mọ́ṣáláṣí, á wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ọmọ fún ọdún pípẹ́, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó ń kí ẹni tí kò kí i.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gbé àpò gàrí láti Araromi-Obu, ó ń lọ sí Èkó. Ẹni tó ni ẹrù jókòó tì í níwájú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn sójà ti ń dá mọ́tò dúró, olówó ẹrù ní òun fẹ́ tọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú igbó, kò sì jáde mọ́. Àwọn sójà tú ẹrù, wọ́n bá páálí mílíìkì àti ṣúgà lábẹ́ àpò gàrí. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ pamọ́, ọ̀tá ìjọba ni. Awakọ̀ ní òun ò mọ̀, pé gàrí ni wọ́n pè é fún òun. Sójà kan tó gbọ́ Yorùbá dá a lóhùn pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Wọ́n mú un.

Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ bá lọ́yà kan sọ̀rọ̀. Lọ́yà gbà, àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé sójà ló mú oníbàárà rẹ̀, ó ní ara òun ò yá. Ìyá mi tó ń ṣe gàrí ní Ajue gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà, ó sì wá sí Odigbo nítorí ó mọ irú ọmọ tí òun bí. Ó ní, "Ọmọ mi, jìnnà sí i. Àghan sójà yìí, ghọn éè mojú ẹnikẹ́ni." Mo ní mo ti gbọ́, pé wọn kì í mojú èèyàn. Ọ̀la rẹ̀ ni ìyàwó awakọ̀ wá bá mi ní iléèwé, oyún ti ga, ó kúnlẹ̀ lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Ẹ bá mi kọ́ ọkọ mi."

Èmi tí mi ò wọ kóòtù rí láyé mi! Àyà mi wú bíi ti lọ́yà àgbà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Mo lọ bá ọkọ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa dúró, bó ṣe máa di igi mú, pé kó má bẹ̀bẹ̀, kó má sunkún. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ, mi ò nílò láti kọ́ ọ, ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ó bi mí pé, "Tíṣà, bí mo bá kàn sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ nípa ẹrù yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Gbogbo ẹni tí wọ́n mú ló ń sọ pé àwọn ò mọ̀. Ẹ sọ ti fíìmù. Òun ló máa wọ adájọ́ lára."

Ó mi orí bíi ọmọ iléèwé tó gbọ́ràn. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ó sì ti rí ayé kọjá ibi tí mo rí i dé, síbẹ̀ ó gbà mí gbọ́.

Ní ọjọ́ ẹjọ́, gáréèjì tú wá sí kóòtù. Sójà méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn. Adájọ́ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu èèyàn sílẹ̀, débi pé ọlọ́pàá tó ń rojọ́ á sọ díẹ̀, á dúró dè é, á tún sọ díẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, àárín orí rẹ̀ nìkan la rí. Mo ń wí lọ́kàn mi pé bó ṣe rí nínú fíìmù náà nìyí, pé nǹkan máa dára.

Awakọ̀ sọ tẹnu rẹ̀, adájọ́ kọ ọ́. Wọ́n ní ó jẹ̀bi. Ògbufọ̀ kóòtù wá yíjú sí i, ó ní, "Ilé ẹjọ́ ń bi ọ́ bóyá o ní ohun tí o fẹ́ sọ kí wọ́n tó dájọ́ rẹ."

Ó di igi tó wà níwájú rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní, "Olúwa mi, bí ẹ bá máa dá mi lẹ́bi, ẹ wo ojú mi."

Ògbufọ̀ ò tíì túmọ̀ rẹ̀ tán tí gbogbo kóòtù fi dìde. Ẹnikẹ́ni ò gbèrò rẹ̀, ó ti mọ́ wa lára ni. A fi ẹnu kan pariwo pé, "Ẹ wo ojú rẹ̀!" Ohùn tèmi wà níbẹ̀, ó sì lágbára.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ tí bàtà àwọn sójà dún lórí símẹ́ńtì. A wá rántí ibi tí a wà. Àwọn èèyàn ń jókòó wéréwéré, ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ti ń bẹ̀bẹ̀, ọlọ́pàá ń pariwo pé ká dákẹ́. Mo rò pé gbogbo wa la máa bá a lọ sẹ́wọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

Adájọ́ fi bírò sílẹ̀. Ó gbé orí sókè. Ó kọ́kọ́ wo apá ọ̀dọ̀ ẹnu ọ̀nà, mo sì rò pé ó fẹ́ ní kí wọ́n lé wa jáde ni. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí awakọ̀, ó sì wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ọlọ́run ló mọ̀, ilẹ̀kùn ni èmi ń wò, mò ń retí kí olówó ẹrù gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnikẹ́ni ò wọlé. Adájọ́ tún sorí kọ́, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kékeré tó jẹ́ pé ògbufọ̀ ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. Ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni, òfin ò fún òun láyè èyí tó kéré sí i.

Ìyàwó awakọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kóòtù, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ikùn rẹ̀ mọ́ra. Mo fẹ́ lọ bá a, mi ò lọ.

Mi ò túmọ̀ fíìmù mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ni ilé sinimá bẹ̀ mí títí, ó sú u, nígbà tó yá ó sọ ilé náà di ibi tí wọ́n ń kó kòkó sí. Ìyàwó awakọ̀ bí ọmọbìnrin, àwọn ará gáréèjì ló ṣe ìsọmọlórúkọ. Ní tèmi, adájọ́ yẹn ni mo gbé sọ́kàn. Bí a bá ń gbàdúrà lórí ìlà ní iléèwé, tí àwọn ọmọ bá ń ṣe àmín, èpè ni mò ń rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí lábẹ́ ahọ́n. Mo ní ó wo ojú ọmọlúàbí, ó rí i pé kò jalè, ó sì tún rán an lọ. Mi ò mọ ìkà tó jù ú lọ.

Ọ̀sán Sunday kan, lẹ́yìn tó ṣẹ̀wọ̀n tán, ni awakọ̀ dé ilé mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun, ọmọbìnrin rẹ̀ di ìka rẹ̀ mú, ó sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìkà adájọ́, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Tíṣà, fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn, ẹ ò rí ohun tí mo rí. Kó tó wò mí, àwọn sójà ló kọ́kọ́ wò."

Mo ní, "Mo rí ìyẹn."

Ó ní, "O rí i pé ó yíjú. O ò rí ojú náà. Èmi mọ̀ ọ́n. Ojú tí èmi náà fi wò wọ́n nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tó wá kọjú sí mi, ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé mo rí i. Mo gbìyànjú láti ṣépè fún un lẹ́wọ̀n, Tíṣà. Èpè náà ò jáde."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó sì bi mí bóyá ẹ̀gẹ́ dára lọ́dún náà. A ò tún sọ̀rọ̀ kóòtù mọ́ títí tó fi re ibi àgbà ń rè.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí ní Odigbo, àwọn ọmọ ọmọ mi ló ń fi fíìmù hàn mí lórí fóònù. Wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn ti ẹjọ́. Bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ bá dìde, tó sọ ọ̀rọ̀ tó wọni lára, gbogbo wọn á sún mọ́ ọn, wọ́n á máa wò ó, omi á máa bọ́ lójú wọn. Èmi kì í wò ó mọ́. Adájọ́ ni mo máa ń wò.